Òkúta Tó Rí bí Òwú

Ikọ́ ti ń bá Ghislaine fínra látàárọ̀, síbẹ̀ ó ń yẹ àwọn òkúta tí ọkọ Àǹtí Alphonsine kó jọ kó tó kú wò. Ọkùnrin burúkú, kò kọ orúkọ sí ẹyọ kan!

Ó gbé ọ̀kan, fọ́nrán funfun sì ń ya bọ́ lára rẹ̀ bí òwú. Ó tètè gbé e sílẹ̀: asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni! Eruku òkúta yìí ló jẹ ẹ̀dọ̀fóró bàbá rẹ̀ àgbà tán nínú kòtò ìwakùsà ìlú wọn, Thetford.

"Àǹtí, kí ló dé tí ọkọ yín gbé ikú wọlé?"

"Ikú kẹ̀! Òkúta tó bọ́ gbogbo wa? Ṣebí fọ́nrán rẹ̀ la máa ń fọ́n sórí ère ibùjẹ ẹran Jésù nílé bíi yìnyín lọ́dún Kérésì? Ìwọ gan-an lo máa ń fẹnu fẹ́ ẹ káàkiri ní kékeré!"

Ghislaine lanu láti fèsì, ṣùgbọ́n ikọ́ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀.