Ìdí Ìbọn Tó Wà Nílé Verl

"Gbé e jáde," ni Marlys wí. Kò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò lára pankéèkì tó ń dín. "Gbé e jáde nínú ilé mi báyìí, Verl, kí n tó kà dé ẹẹ́ta."

Verl, àbúrò rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó há páálí kan mọ́ abíyá, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbé ẹ̀bùn Kérésì wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ ná."

"Oókan."

"Ọ̀túnla ni Corinne ń bọ̀. Mo ní kí n kúkú—"

"Eéjì."

Verl yí padà wéré. Ó gbé páálí náà jù sínú píkọ́ọ̀pù rẹ̀, ó wakọ̀ jáde ní géètì, ó sì lọ gbé e dúró sí ojú títì, níbi tí kì í ṣe ilẹ̀ Marlys mọ́. Ó wá fẹsẹ̀ rìn padà wá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta tó ní ikùn níwájú. Nígbà tó fi dé, Marlys ti bu pankéèkì mẹ́ta sí àwo fún un.

"Ṣé ó ti tẹ́ yín lọ́rùn báyìí?"

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Jókòó, jẹun."

Ìdí ìbọn ló wà nínú páálí náà, èyí tí èèyàn ń gbé ti èjìká. Ìbọn ìléwọ́ kékeré tí wọ́n fẹ́ fi í sí wà nínú àpótí irin ní yàrá Marlys. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn méjèèjì ò bá tíì fojú kan ara wọn, ìbọn ìléwọ́ lásán ni ìbọn, Marlys sì jẹ́ opó jẹ́jẹ́ tó ń sin àgùntàn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pàdé lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo kí ìwé àṣẹ tó ti Washington dé, ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu lè ní ó ti sọ ìbọn ìléwọ́ di ìbọn èjìká kúkúrú láìgbàṣẹ. Ẹjọ́ ẹ̀wọ̀n nìyẹn, kì í ṣe ti owó ìtanràn. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Tolliver, ìlú wọn ní ìpínlẹ̀ Wyoming. Ẹni tó bá ń retí ìwé a máa gbé apá kan fún ẹbí rẹ̀ pa mọ́. Ọ̀sẹ̀ keje rèé tí ìdí ìbọn yìí ti ń sùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Verl, ìyàwó Verl sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ìgbà tí àlejò náà máa lọ.

"Èmi ò mọ ẹni tó máa yọjú wò yín níbí," ni Verl wí, ó ti kó pankéèkì sẹ́nu. "Ilé tó sún mọ́ yín jù, máìlì mẹ́rin ni."

"Ìwọ ló ń gbé inú ilé yẹn, ẹnu ẹ ò sì mọ ibi tí wọ́n ń gbé dúró. Ṣe jẹ́jẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú, kì í bàjẹ́."

"Ìwé ò sì tíì dé."

"Ó máa dé."

Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, bí ẹni tí òjò máa ń gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nìkan ni kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Láti ìgbà òtútù tó kọjá ni ọwọ́ náà ti ń gbọ̀n. Dókítà ní Casper yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní ọwọ́ nìkan ni, orí rẹ̀ pé ṣáṣá. Marlys ní òun ò bèèrè ti orí. Ṣùgbọ́n àwọn kóyótì, ajá igbó tó ń jẹ ọmọ àgùntàn, kò dúró gbọ́ ohun tí dókítà wí. Ọmọ àgùntàn mọ́kànlá ni wọ́n kó lọ nígbà ìrúwé. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí Marlys bá pàdé lójúkojú, kò ju ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló yìnbọn sí i, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló tàsé. Ẹranko náà tilẹ̀ dúró wò ó díẹ̀ kó tó rọra lọ. Inú bí Marlys débi pé ó sunkún, obìnrin tí kò sunkún níbi òkú ọkọ rẹ̀.

Ìbọn gígùn tí Wendell ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ wúwo jù fún un. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá gbé ìbọn kékeré ti èjìká, tó fi ọwọ́ òsì gbè é nísàlẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún kàn máa fi ìka fà á kó dún ni. Èjìká Marlys kò gbọ̀n rí. Ìdí nìyí tó fi kọ̀wé sí Washington láti gbàṣẹ, tó ya fọ́tò, tó tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sórí ìwé, tó sì jókòó tó ń retí.

Corinne, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló ń kán an lójú. Boise ní ìpínlẹ̀ Idaho lòun àti Todd ọkọ rẹ̀ ń gbé, ó sì máa ń pè ní gbogbo ọjọ́ Àìkú: "Mọ́mì, ẹ ta àgùntàn wọ̀nyí kí ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Yàrá yín ti wà nílẹ̀." Lọ́jọ́ kan ni Marlys fi ìbínú dáhùn pé kó wá ní Àbámẹ́ta kejì oṣù kẹwàá. Òun máa gbé ìdérí garawa ọ̀dà kọ́ sí àádọ́ta ìṣísẹ̀, òun máa yìnbọn sí i lẹ́ẹ̀márùn-ún. Bí òun ò bá bà á tó ẹ̀ẹ̀mẹrin, òun máa ta àgùntàn, òun á sì tẹ̀ lé e lọ sí Boise láìjanpata. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé ìwé á ti dé kó tó dìgbà náà.

Ìwé náà sì dé. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ó ku ọ̀la kí Corinne dé, ímeèlì wọlé: wọ́n ti fọwọ́ sí i. Marlys pariwo débi tí ajá fi sá sábẹ́ tábìlì. Kò jókòó rárá tó fi pe ṣọ́ọ̀bù Orrin Teague ní Casper, ẹni tó ń fín nǹkan sára irin, nítorí òfin ní ẹni tó bá ṣe irú ìbọn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fín orúkọ àti ìlú rẹ̀ sí i lára. Ìyàwó Orrin ló gbé fóònù. Ó ní ọkọ òun ti gun òkè lọ ṣọdẹ ìgalà, ó di ìrọ̀lẹ́ Àìkú kó tó sọ̀kalẹ̀, ó di ọjọ́ Ajé kí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí.

Nígbà tí Verl gbọ́, ó fi ọwọ́ gbá itan.

"Kí ló tún kù? Ìwé ti dé! Ẹ jẹ́ ká so ó mọ́ ọn lónìí, kí ẹ yìn ín lọ́la, kí Orrin wá fín in ní ọjọ́ Ajé. Ta ló máa ka ara irin?"

"Orúkọ ló ń kọ́kọ́ wọlé, ìdí ló ń tẹ̀ lé e. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí Wendell ṣe kọ́ mi nìyẹn."

"Ẹ máa pàdánù ilé yín nítorí orúkọ?"

"Mo lè bà á bẹ́ẹ̀ náà," ni Marlys wí, ó sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Kò bà á. Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, ó dúró nínú pápá pẹ̀lú fìlà Wendell lórí, Corinne dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú kóòtù ìlú ńlá, Verl jókòó sórí ìrù píkọ́ọ̀pù. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìbọn ìléwọ́ mú. Àkọ́kọ́ dún gbẹnnn lára ìdérí, Verl sì hó yèè. Èkejì gba inú koríko lọ. Ẹ̀kẹta tún bà á létí. Ìgbà tó fi máa kan ẹ̀kẹrin, ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀, ẹnu ìbọn ń jó sọ́tùn-ún sósì. Ẹ̀kẹrin àti ẹ̀karùn-ún, ọ̀run ló mọ ibi tí wọ́n gbà.

 Marlys yọ ọta kúrò, ó ti ìbọn bọ inú àpò rẹ̀, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Méjì," ló wí. "Mẹ́rin ni mo pè, méjì ni mo bà. Ní ọjọ́ Ajé a ó pe Hank Sorley kó wá wo àwọn àgùntàn. Ó ti ń wá wọn rà tipẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ ketekete bí ẹni tó ń ka orúkọ ọmọ iléèwé. Verl ni kò lè gbà á mọ́ra. Ó fò sílẹ̀ lórí píkọ́ọ̀pù.

"Corinne, màmá ẹ ò ní sọ fún ẹ, nítorí agídí ni wọ́n bí mọ́ wọn. Ìdí ìbọn tó máa jẹ́ kí wọ́n bà á wà nílé mi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méje. Ìwé àṣẹ dé lánàá. Orúkọ nìkan ni wọn ò tíì fín. Orúkọ! Mo bẹ̀ wọ́n títí ká so ó mọ́ ọn, wọ́n ní rárá."

Corinne wo ìyá rẹ̀.

"Lánàá ni ìwé dé, Mọ́mì?"

"Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú."

"Kí ló dé tí ẹ ò so ó mọ́ ọn? Ṣé èmi ì bá tilẹ̀ mọ̀? Mi ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdí ìbọn àti ìdí ìkòkò."

"Mo fi ọ̀sẹ̀ méje dúró," ni Marlys wí. "Kí n wá torí ọjọ́ méjì bà á jẹ́?"

 Corinne yíjú sí ibi tí àwọn àgùntàn ti ń jẹ koríko. Kì í ṣe kóyótì ló lé e wá láti Boise. Baba rẹ̀ ló ń rántí. Ní ọdún méjì tí Wendell lò kẹ́yìn, tí orí rẹ̀ kò pé mọ́, ó máa ń ṣí géètì sílẹ̀ fún àgùntàn láti gba ojú títì, ó máa ń tan sítóòfù kó sì lọ sùn. Nígbà tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, Corinne rò pé ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rù bà á débi pé kì í lè sùn ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn tó bá ti pè é tán. Obìnrin tó wà níwájú rẹ̀ yìí mọ ìṣẹ́jú tí ìwé wọlé, ó mọ ohun tó kù àti èyí tó ń ṣáájú. Ó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ ka méjì nígbà tí kò sí ẹni tó bi í.

"Ẹ̀rù ń bà mí ni, Mọ́mì," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Mo mọ̀. Baba ẹ bà mí lẹ́rù náà."

"Mi ò lọ lọ́la mọ́. Màá pe Todd. Ó di ọjọ́ Ajé."

"Kí o lè bá mi pe Hank?"

"Ẹ jẹ́ ká wọlé, òtútù ń mú mi," ni Corinne dá a lóhùn.

Ní ọjọ́ Àìkú, ìyá àti ọmọ tún wáyà ọgbà ìhà àríwá ṣe. Marlys ń nawọ́ sí ibi tó já, Corinne ń lọ́ ọ, wọ́n sì jà lórí bí wọ́n ṣe ń lọ́ ọ, bí wọ́n ṣe máa ń jà láti ìgbà tí Corinne wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Kò sí ẹni tó dárúkọ Hank, kò sì sí ẹni tó dárúkọ Boise. Marlys kò bèèrè. Ó ti ṣèlérí, ó sì ti pàdánù. Ṣùgbọ́n ó kúkú fẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ parí, kódà bó bá jẹ́ pé ògiri yàrá ní Boise ló máa fi ìbọn náà kọ́ sí.

Ọjọ́ Ajé mọ́, wọ́n kọrí sí Casper. Ìbọn wà lọ́dọ̀ Marlys nínú ọkọ̀ Corinne. Ìdí ìbọn ń bọ̀ lẹ́yìn nínú píkọ́ọ̀pù Verl. Ìwé ti dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n Marlys ní kí àwọn méjèèjì ṣì máa rìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ títí orúkọ á fi wọlé. Verl ń fọn fèrè ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wọn ní gbogbo ọ̀nà láti fi hàn pé inú ń bí òun.

Orrin Teague gba ìbọn, ó yẹ̀ ẹ́ wò pé kò sí ọta nínú rẹ̀, ó so ó mọ́ abẹ́ ẹ̀rọ. Ó ka ìwé àṣẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń fi ìka tọ ìlà.

"Marlys Hegstad," ló wí, ó ń tẹ orúkọ náà sínú kọ̀ǹpútà. Ó wá dáwọ́ dúró, ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Marlys, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Verl sọ fún ìyàwó mi lórí fóònù lánàá pé ò ń kó lọ sí Idaho."

"Verl," ni Marlys wí, kò wẹ̀yìn.

"Ó bọ́ lẹ́nu mi ni," ni Verl wí láti ẹnu ọ̀nà.

"Tó bá jẹ́ pé ò ń lọ," ni Orrin ń bá a lọ, "fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìbọn ìléwọ́ lè bá ẹ rìn. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti fín in, tí o sì ti so ìdí mọ́ ọn, kò gbọdọ̀ kọjá ààlà ìpínlẹ̀ àfi kí o tún kọ̀wé sí Washington. Ohun tí mo bá sì fín, kì í parẹ́. Nítorí náà, sọ fún mi. Ìlú wo ni kí n kọ?"

 Marlys ti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ àpò kóòtù. Gbogbo ohun tó fẹ́ ní ayé wà nínú ìdáhùn ọ̀rọ̀ kan, kò sì lè sọ ọ́, nítorí ó ti fi í ta tẹ́tẹ́.

"Mo ti ṣèlérí fún ọmọ yìí," ló wí fún Orrin. "Méjì péré ni mo bà."

"Èmi ni ẹ ṣèlérí fún," ni Corinne wí. "Mo ti dá ìlérí náà padà fún yín."

Ó bọ́ síwájú, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí káńtà.

"Tolliver," ló sọ fún Orrin. "Tolliver, Wyoming. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fín in kó jìn."