Máṣíìnì Lábẹ́ Éésì

Ohun tí ẹ ti ń fura sí kí n tó la ẹnu náà ni: Dókítà Abdulateef, tó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní Jẹ́dà nípa ẹ́ńjìnì, kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ẹ́ńjìnì kankan rí. Ó mọ ìdí tí epo fi ń jó. Ó lè ya àwòrán rẹ̀ sí ojú pátákó kó sì rẹwà. Ṣùgbọ́n sípánà kan ṣoṣo tó wà nílé rẹ̀ ní àdúgbò Obhur, ìyàwó rẹ̀ ló fi ń de ẹnu gáàsì.

Ní ọdún 2014 ló ra máṣíìnì àlòkù kan. Ní Obhur, níbi tí ẹni tó fẹ́ ra búrẹ́dì ní òdìkejì títì ti ń wa ọkọ̀ lọ, àwọn aládùúgbò rò pé ìyà ti ń jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n. Irú máṣíìnì tí bàbá rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ níṣẹ́ ní Ìsẹ́yìn, fi ń gbé e lọ sílé ẹ̀kọ́ ni, pupa kan náà, àga gígùn kan náà. Bàbá ti kú, ẹbí ti ta tirẹ̀. Abdulateef ti pinnu pé èyí kò ní bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Ariwo ni àléébù rẹ̀. Bó bá ti ń ṣiṣẹ́, á máa dún tá-tá-tá bí ẹni ń pa ẹ̀gúsí. Ruqoyyah, ìyàwó rẹ̀, dókítà eyín ni. Ó ní ariwo ẹ̀rọ tí òun fi ń gbẹ́ eyín látàárọ̀ tó òun. Ó fún ọkọ rẹ̀ di Sátidé: kí ariwo náà lọ, tàbí kí máṣíìnì padà sí hàráájì, ọjà àlòkù tó ti wá.

Fáàfù ló ń pariwo. Méjì ni wọ́n, ọ̀kan ń fa epo wọlé, èkejì ń tu èéfín jáde, àlàfo tín-ín-rín tó yẹ kó wà lókè wọn sì ti fẹ̀ jù. Skúrù ló ń dín àlàfo náà kù, nọ́ọ̀tù ló sì ń de skúrù pa. Àwọn mẹkáníìkì tí yóò ṣe é kí tíì wọn tó tutù kún àdúgbò Al-Baghdadiyah. Abdulateef ní ká má rí i. Ṣé kí àwọn ọmọ tí òun ń kọ́ wá bá òun níbi tí òun ti ń bẹ mẹkáníìkì nítorí fáàfù?

Ìwé máṣíìnì náà sọ pé ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kí a tó wọn àlàfo yẹn. Oṣù kẹjọ la sì wà. Ní Jẹ́dà lóṣù kẹjọ, irin tí iná kò kàn rárá ń jó ni lọ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ronú, ó ti máṣíìnì wọ yàrá àlejò, ó gbé e dúró lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì jẹ́ kí éésì máa fẹ́ sí i lára. Nígbà tí Ruqoyyah ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá ọkọ rẹ̀ nínú ẹ̀wù òtútù, ó jókòó ti máṣíìnì bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn.

“Bàbá Bilikis,” ó ní, “ṣé ó ti jẹun?”

Ó rẹ́rìn-ín tán, ó tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ rẹ̀ nítorí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì fìdí kalẹ̀ láti wòran.

Abdulateef ṣí i, ó wọ̀n ọ́n, ó dé e, ó tì í síta, ó fẹsẹ̀ ta á kó lè jí. Máṣíìnì náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n bínú títí, kó tó rántí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni písítìnì ń gòkè kí iṣẹ́ rẹ̀ tó yí po, àti pé ìgbà kan ṣoṣo nínú méjèèjì ni àwọn fáàfù ń sinmi. Ìgbà kejì lòun wọn tòun. Ọdọọdún ló ń fi ìbéèrè yẹn já àwọn ọmọ yunifásítì kulẹ̀. Ó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, mo sì gbọ́dọ̀ yìn ín fún un.

Ó tún tì í wọlé, ó jẹ́ kó tutù, ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ìwé ní kí abẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n gba àlàfo náà kọjá “pẹ̀lú ìfà díẹ̀”. Ó bi afẹ́fẹ́ léèrè pé díẹ̀ wo. Ruqoyyah ní bí òwú tó ń gba àárín eyín méjì tó dára kọjá ni: kò gbọdọ̀ já bọ́, kò sì gbọdọ̀ jà. Abdulateef di ojú, ó fa abẹ náà wò, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé. Dúdú epo wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Kò fọ̀ ọ́, ó gbé e lọ síwájú kíláàsì lọ́jọ́ kejì.

“Bí ẹ bá ti mú nọ́ọ̀tù rẹ̀ le, ẹ tún un wọ̀n,” Ruqoyyah ti sọ fún un. Níbi iṣẹ́ tirẹ̀, ohun tí a bá dè, a máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Abdulateef fèsì pé ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n bá ti wọ̀n, a ti wọ̀n ọ́n.

Máṣíìnì náà jí. Ariwo dín kù, kò tán. Tá kan ṣì ń dún lábẹ́lẹ̀. Abdulateef ní ohùn ìlera nìyẹn, pé ẹ́ńjìnì máa ń fúnra rẹ̀ balẹ̀. Ruqoyyah ní kò burú, Sátidé kò tíì dé. Ọkọ rẹ̀ tún tì í padà sábẹ́ éésì. Ní ọjọ́ Jímọ̀ ó lọ kírun, ó dé, ó tì í síta, ó ta á: máṣíìnì náà ń kùn bí ológbò tó yó. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà èjìká rẹ̀ gòkè.

“Mo sọ fún ọ,” ó wí fún Ruqoyyah.

Ní Sátidé ó wọ tọ́ọ̀bù funfun, ẹ̀wù gígùn àwọn Lárúbáwá, ó gun máṣíìnì lọ sí Mẹ́kà, ó gun òkè An-Nakkasah dé ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀, Àlàájì Abdulfattah. Ruqoyyah tẹ̀ lé e nínú ọkọ̀ tí wọ́n háyà, nítorí obìnrin kì í wakọ̀ níbẹ̀ nígbà yẹn. Àwọn àgbàlagbà tó ń mu tíì lẹ́nu ọ̀nà gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Ìsẹ́yìn, ó bá a dé orí fáàfù, ó sì parí rẹ̀ pé yàtọ̀ sí ọwọ́ òun, ọwọ́ ẹ̀dá kan kò kàn án. Wọ́n ní kó fẹsẹ̀ ta á káwọn gbọ́. Ó ta á. Wọ́n mi orí.

“Bàbá rẹ ìbá yọ̀,” Àlàájì sọ fún un, omi sì lé sójú ọ̀jọ̀gbọ́n.

Àlàájì wá yíjú sí Ruqoyyah tó dúró ní ẹnu ilẹ̀kùn. “Ìyàwó wa, mo gbọ́ pé hàráájì lo ní ó ń lọ lónìí. Kí ló yí ọ lọ́kàn padà?”

“Iṣẹ́ náà ló wù mí, Àlàájì,” ó ní. “Skúrù kan yí nígbà tí wọ́n ń mú nọ́ọ̀tù le. Èmi ni mo tún un ṣe nígbà tí wọ́n lọ sí Jímọ̀.”