Ọ̀rọ̀ Tí Lucy Sọ ní Kántíìnì

Àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ tó wà lápá ògiri ló kọ́kọ́ dákẹ́. Lucy rò pé iná mànàmáná ló tún ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Ó fọwọ́ di òwú tó fẹ́ já mú, ó ń retí kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n gílóòbù ṣì ń tàn lókè. Ìlà kejì dákẹ́, èyí tó tẹ̀ lé e dákẹ́, títí tó fi kan ẹ̀rọ tirẹ̀ náà, tó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀, tí kò sì ró mọ́. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ yìí ní Ìsọlọ̀, kò tíì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ rí nínú gbọ̀ngàn náà àfi tó bá pariwo. Lónìí, ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ló fi bi Ìyá Kúnbi tó wà nídìí ẹ̀rọ kejì pé, "Kí ló dé?" Gbogbo ilé ló gbọ́ ọ.

Ọ̀gbẹ́ni Àyànníyì, ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, ló dá wọn lóhùn. Ó gun orí àpótí òwú kan, ó ní ilé iṣẹ́ ti kógbá sílé. Kì í ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe fún oṣù kan. Aṣọ tí wọ́n ti hun láti ọdún tó kọjá ṣì kún ilé ìkẹ́rùsí dé àjà, kò sẹ́ni tó ń rà á. Láti ọ̀sẹ̀ tó lọ tí ìjọba ti kéde lórí rédíò pé àwọn dín owó ẹnubodè kù, aṣọ òkèèrè ti gba ìgboro, ọ̀gá wọn tó jẹ́ ará Íńdíà sì ti ní òun ò lè bá a du ọjà. Kí kálukú gba owó iṣẹ́ oṣù yìí, kó máa lọ sílé.

"Owó àjẹmọ́nú wa ńkọ́?" Ẹnì kan ló ké bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Àyànníyì fi áńkáṣíìfù nu ojú. "Ẹ̀yin náà ẹ rántí pé a fi lọ̀ yín nígbà ọyẹ́. Ẹ̀yin lẹ ò gbà."

Orí bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ojú ń wá ojú, títí gbogbo rẹ̀ fi wá balẹ̀ sára Lucy.

Òótọ́ ni. Nígbà ọyẹ́, ilé iṣẹ́ ní ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn á san owó àjẹmọ́nú rẹ̀ pé, àwọn á tún fi máṣíìnì ìránṣọ kan lé e lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin tó ń hunṣọ ló wù. Ọdún Udójì ni. Ìjọba ti fi owó kún owó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, iye ọjà ti fò sókè, owó àwọn ará ilé iṣẹ́ aládàáni kò sì kúrò lójú kan. Kí wọ́n tó pinnu, wọ́n wá bá Lucy. Òun ni agbẹnusọ wọn nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́. Olúbọ̀wálé ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní mínísírì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òwò. Ẹni tó ń gbé etí odò kì í fi itọ́ bọ́jú.

Lucy sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Olúbọ̀wálé rẹ́rìn-ín. "Ìjọba tí owó epo ń rọ̀ fún bí òjò, ṣé irú ìjọba bẹ́ẹ̀ ló máa jẹ́ kí ilé iṣẹ́ aṣọ kú? Ẹ̀tàn ni. Wọ́n fẹ́ lé yín kí wọ́n lè kó àwọn ọmọdé tí wọ́n máa sanwó táṣẹ́rẹ́ fún wọlé ni. Sọ fún wọn kí wọ́n dúró." Ó tilẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó ní kí Lucy sọ ohun tó fẹ́ lọ sọ sétígbọ̀ọ́ òun. Ó ń tún un ṣe fún un. "Má sọ pé o rò bẹ́ẹ̀. Ta ló máa tẹ̀ lé ẹni tó ń rò? Sọ pé o mọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Lucy dúró lórí bẹ́ǹṣì ní kántíìnì, ó sì sọ fún wọn pé òun mọ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gba máṣíìnì.

Nígbà tó jáde ní géètì láàárọ̀ Sátidé yìí, kò dúró gba owó. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá ọ̀rọ̀ náà bá Olúbọ̀wálé náà lójijì ni. Àwọn ọ̀gá àgbà kì í sọ gbogbo nǹkan fún àwọn akọ̀wé abẹ́ wọn. Nígbà tí rédíò kéde lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣebí ó mi orí, ó ní kò ní kan ilé iṣẹ́ wọn, pé àwọn ọjà olówó ńlá ni wọ́n ń sọ. Ṣé aṣọ òkèèrè tiẹ̀ pọ̀ tó bí Àyànníyì ti wí? Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òṣòdì.

Ìsọ̀ Mísbáù aláṣọ wà nítòsí ojú irin. Aṣọ Ìsọlọ̀ ni Mísbáù fi dènìyàn. Ọ̀dọ̀ wọn ló ti máa ń wá fi píkọ́ọ̀pù kó o, Lucy ló sì mú un mọ ọkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọmọ wọn Adéyínká lórúkọ. Lónìí, aṣọ kún ìsọ̀ náà dé ẹnu ọ̀nà: aláwọ̀ ojú ọ̀run, olódòdó, èyí tó ń dán bí omi. Lucy wò yíká. Kò rí ìgàn kan ṣoṣo tí ọwọ́ wọn hun.

"Àǹtí Lucy! Ẹ káàbọ̀ o." Mísbáù nu àga fún un. "Ẹ jókòó. Ilé ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni. Mísbáù, aṣọ tiwa dà?"

"Aṣọ Ìsọlọ̀ kẹ̀? Háà, ó ti pẹ́ tí mo ti jáwọ́ níbẹ̀. Ọlọ́run ló fi ọkọ yín ṣàánú mi. Kí ọyẹ́ tó wọlé ni wọ́n ti kìlọ̀ fún mi, wọ́n ní kí n má ra aṣọ Ìsọlọ̀ pamọ́ mọ́, pé ẹnubodè máa tó ṣí. Owó tí àwa méjèèjì pa pọ̀ la fi kó àwọn wọ̀nyí wọlé. Kí rédíò tó lanu, ẹrù wa ti gúnlẹ̀ sí Apápá." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kó tó wo ojú Lucy. Ẹ̀rín náà rọlẹ̀. "Àbí... wọn ò sọ fún yín ni?"

Ìtìjú mú Lucy ju ìbínú lọ. "Mo mọ̀," ló fèsì.

Ọkàn Mísbáù balẹ̀. Ó fa aṣọ kan yọ, ó ká a sí méjì, ó gbé e lé e lẹ́sẹ̀. "Ẹ fi rán búbà. Ẹ̀bùn ni."

Lucy fi àtàǹpàkò yẹ aṣọ náà wò. Ó wù ú kó rí àbùkù lára rẹ̀. Kò rí i. Aṣọ náà rọ̀, ó gún, kò wọ́n, obìnrin tó sì ń ná irú rẹ̀ lọ́wọ́ ní ẹnu ọ̀nà, tó gbọ́mọ pọ̀n, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó fi aṣọ náà sílẹ̀ lórí àga, ó ní òun ń padà bọ̀, ó sì lọ.

Ẹsẹ̀ ló fi rìn padà sí Ìsọlọ̀, oòrùn ń pa á lórí. Àwọn lọ́rì ń gbá eruku sí i lára. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Olúbọ̀wálé wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun bàtà rẹ̀. Fíríjì tó fi owó Udójì rà ń kùn lẹ́yìn rẹ̀ nínú pálọ̀.

"O tètè dé," ló wí.

"Wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ wa pa."

Ó gbé bàtà sílẹ̀. Ó kédàárò, ó mi orí, ó ní ó ká òun lára. Lucy dúró, ó ń wò ó. Ó ṣe é dáadáa. Bí kò bá jẹ́ pé ó ti Òṣòdì bọ̀, ì bá tẹ̀ sí i láyà sunkún.

"Mo ti rí Mísbáù."

Nígbà tí Olúbọ̀wálé máa sọ̀rọ̀, ohùn ọ́fíìsì ló fi sọ ọ́. "Lucy, jókòó. Ó yẹ kó o lóye nǹkan yìí. Owó ti pọ̀ nígboro ju ọjà lọ. Ṣé o ò rí iye tí gààrí dà ni? Bí ìjọba ò bá ṣí ẹnubodè, ọ̀wọ́n ọjà ló máa pa mẹ̀kúnnù. Owó epo wà. Kí la fẹ́ máa fi ipá hun aṣọ fún nígbà tí a lè rà á? Ilé iṣẹ́ tó bá lè dúró, kó dúró. Ọjà ni kó dájọ́."

"Mẹ̀kúnnù wo?" Lucy bi í. "Ṣé Ìyá Kúnbi kì í ṣe mẹ̀kúnnù ni? Kò ju ọdún mẹ́ta lọ, ẹ̀yin kan náà lẹ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, tí ẹ ní orílẹ̀-èdè tí kò lè da aṣọ bo ara rẹ̀, ìhòòhò ló wà."

"Ìjọba ló sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Ìjọba náà ló ń sọ èyí báyìí."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ̀yin ń sọ?"

Olúbọ̀wálé gbé bàtà kejì, ó tún gbé e sílẹ̀. "Mo búra nídìí iṣẹ́ mi. Àṣírí ìjọba ni. Mi ò lè tú u fún ẹnikẹ́ni, kódà fún ìyàwó mi."

"Ṣé Mísbáù náà búra?"

Nínú ilé kejì, ẹnì kan ń gún iyán. Olúbọ̀wálé tẹ́tí sí odó náà bí ẹni pé òun ló ń bá wí.

"Ọ̀rọ̀ ilé wa ni mo rò," ló wí níkẹyìn. "Ọ̀rọ̀ Adéyínká. Bí ẹ bá gba owó yẹn nígbà ọyẹ́ tí ẹ sì túká, gbogbo àwọn aláṣọ Òṣòdì á ti fura pé nǹkan ń bọ̀. Kálukú á ti máa kó ẹrù wọlé. Kí la máa rí jẹ níbẹ̀? Mo kàn fẹ́ kí ara yín balẹ̀ títí ẹrù á fi dé ni."

Lucy ti rò pé òun ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ ní Òṣòdì. Kò mọ̀ pé èyí ṣì kù. Kì í ṣe pé ó pa ẹnu mọ́ nìkan. Ó nílò wọn nídìí ẹ̀rọ wọn, kí ilé iṣẹ́ lè máa ró, kí ẹnikẹ́ni má baà fura.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò tíì fi ẹnu rẹ̀ pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ, kò sì tíì pè é ní "ìwọ" rí. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ ní Ìpẹru.

"Olúbọ̀wálé," ló wí, jẹ́jẹ́. "O lè ní kí n dákẹ́. Ká ní o sọ pé kí n má dá sí i, ǹ bá dákẹ́, ǹ bá má bi ọ́ léèrè. Ìwọ lo jókòó sórí ibùsùn mi tí o kọ́ mi ní ohun tí mo máa sọ."

Ó fẹ́ dì í lọ́wọ́ mú. Lucy ti bọ́ sójú ọ̀nà.

Ó mọ ibi tí wọ́n máa wà. Ojúlé Ìyá Kúnbi ní Ìlasàmàjà ni wọ́n máa ń péjọ sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ó bá wọn lórí ẹní lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, bàtà wọn tò sí ẹ̀gbẹ́ kan. Abọ́sẹ̀dé wà níbẹ̀, ẹni tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù rẹ̀. Abọ́sẹ̀dé ló ti fi ẹnu yan ibi tí òun máa gbé máṣíìnì sí nígbà náà, lẹ́bàá fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa bọ́ sí i.

Lucy kò jókòó. Ó sọ ọ́ lórí ìdúró, kò fi nǹkan kan bò: Òṣòdì, Mísbáù, ẹrù tó wà ní Apápá, ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ nípa ìdí tó fi fẹ́ kí wọ́n dúró. "Ọkọ mi mọ̀," ló fi parí rẹ̀. "Èmi ni mi ò mọ̀. Mo sọ fún yín pé mo mọ̀, irọ́ ni."

Ó ń dúró de èébú. Ó wù ú kí wọ́n bú u. Obìnrin kan pòṣé, òmíràn bú sẹ́kún, ó sì fi ìborùn bojú.

Ìyá Kúnbi ló sọ̀rọ̀. "Kòkó ni bàbá mi gbìn ní Ondó," ó ní. "Bàbá á gbìn ín, bàbá á ká a, ìjọba ló máa jókòó sí Ìbàdàn sọ iye tí wọ́n máa rà á. Lọ́dún kan wọ́n á gbé e sókè, lọ́dún kejì wọ́n á já a lulẹ̀, wọn kì í bi bàbá mi. Láti kékeré ni mo ti mọ ìjọba, Lucy. Ta ló ń gba ìjọba gbọ́?" Ó kọjú sí Lucy. "Mi ò mọ irú ẹni tí ọkọ ẹ jẹ́. Mi ò sì bá a sọ̀rọ̀ ju ẹ kú ilé lọ. Ìwọ ni mo gbà gbọ́."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sún díẹ̀ lórí ẹní, ó fi àyè sílẹ̀.

Lucy bọ́ bàtà, ó jókòó. Abọ́sẹ̀dé wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò yíjú sí i, ṣùgbọ́n kò sún kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Obìnrin tó fi ìborùn bojú ṣí i kúrò, ó béèrè láìdojú kọ ẹnikẹ́ni pé, "Kí la máa wá ṣe báyìí?"

Ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìṣe wọn, láìmọ̀ pé wọ́n ń ṣe é, wọ́n gbójú sókè wo Lucy. Ìgbà náà ló yé e pé nígbà tí ìdààmú dé sí òun, òun rí ẹnì kan bi léèrè nínú ilé òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé onítọ̀hún tan òun. Àwọn wọ̀nyí kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ àfi òun.