Aago Tí Omi Yóò Padà

Ìlà kan ṣoṣo ni Riziki kọ sábẹ́ irinṣẹ́ ìṣirò kan nínú ẹ̀rọ wọn, ó sì dá a lójú pé ó tó: "Irinṣẹ́ yìí máa ń sọ aago tí òkun tó fà sẹ́yìn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í padà." Makame, ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì wọn ní ìlú Zanzibar, kà á lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fajú ro.

"Aago ta ni?"

"Aago wa náà ni, ẹ̀gbọ́n. Ta ni ò mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Èyí kì í ṣe ọmọlúàbí o, ẹ̀rọ ni. Ààbọ̀ tó o bá sọ fún un, tẹlòmíì ló máa fi kún un."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ń darúgbó," ni Riziki wí, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Agídí ọmọ!

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń sọ yìí máa ń dáhùn ìbéèrè lórí fóònù fáwọn obìnrin abúlé Jambiani tó máa ń wọ inú òkun lọ gbin koríko òkun nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn. Kò mọ ìṣirò fúnra rẹ̀. Irinṣẹ́ ló ń lò, ohun tó sì mọ̀ nípa irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ju ohun tí Riziki bá kọ sábẹ́ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́rú, Riziki ń wo àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n bi ẹ̀rọ àti ohun tó fi dáhùn, ló bá rí orúkọ ìyá rẹ̀. Bi Kazija (Bi ni wọ́n fi ń pọ́n àgbà obìnrin lé níbẹ̀) ti béèrè láàárọ̀ kùtù pé ìgbà wo ni omi ń padà lónìí. Irinṣẹ́ ní aago mẹ́rin. Òótọ́ ló sọ: ìgbà tí oòrùn bá yọ ni wọ́n ti ń ka aago ní Zanzibar, mẹ́rin wọn sì ni mẹ́wàá àárọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á yìí. Ṣùgbọ́n mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti àwọn ará ibòmíì ni ẹ̀rọ kà á sí. Ló bá dá ìyá lóhùn láìmikàn pé omi ò ní padà títí di ìrun làásárì, kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ.

Riziki gbójú sókè wo aago ara ògiri. Omi ti ń padà láti bíi wákàtí kan àti ààbọ̀ sẹ́yìn.

Yéè! Orí òkìtì iyanrìn tó jìnnà jù lọ ni okùn koríko ìyá rẹ̀ wà, kòtò omi kan sì wà láàárín ibẹ̀ àti etíkun. Kòtò yẹn ló máa ń kọ́kọ́ kún. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń so koríko mọ́ okùn kò ní mọ̀ pé ẹ̀yìn òun ti dí. Bi Kazija ò sì mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Ó pe fóònù ìyá rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó pe Bi Subira, aládùúgbò wọn.

"Bi Subira, ìyá mi dà?"

"Ìyá rẹ, olóríkunkun yẹn? Gbogbo wa ti wálé. A pè é, pè é, ó ní ká máa lọ, ojo ni wá. Ó ní ọmọ òun ló ṣe ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ò sì tíì ní kóun máa bọ̀."

"Èmi ni mo ṣì í, Bi Subira! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ọkọ̀ ojú omi!"

"Háà!" Fóònù kú.

Makame, tó ń gbọ́ ọ nítòsí, yọ irinṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Kò sọ pé ṣebí mo sọ fún ọ. Riziki ìbá tiẹ̀ fẹ́ kó sọ ọ́. Ìṣirò tó mọ̀ wá di ọ̀tá rẹ̀: ó mọ bí omi ṣe ń ga tó ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kò sì lè ṣàìṣírò rẹ̀. Orúnkún. Ìbàdí. Ó mọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ga tó.

Nígbà tí fóònù dún, nọ́ńbà Bi Subira ni, ṣùgbọ́n ohùn ìyá rẹ̀ ló gbọ́. Eyín ìyá ń lu ara wọn nítorí òtútù.

"Riziki. Pandu apẹja ló fi ọkọ̀ gbé mi. Omi ti dé àyà mi kó tó dé. Omi ti gbé aṣọ kanga tí mo ró lọ."

Riziki bú sẹ́kún.

"Mo rí omi náà tó ń gun mi lẹ́sẹ̀. Láti kékeré ni mo ti mọ omi yẹn, ó ń sọ fún mi pé kí n máa lọ. Mo ní ọmọ mi ò lè tàn mí. Àbí èmi ni mi ò béèrè dáadáa?"

"Rárá, ìyá mi. Ẹ béèrè dáadáa. Èmi ni mi ò kọ ọ́ dáadáa."

Kò jẹ́ kí ìyá pa fóònù. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń kọ ìlà abẹ́ irinṣẹ́ náà lákọ̀tun, ó sì ń kà á sókè bó ṣe ń kọ ọ́: aago ta ni, ibo ni kíkà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, àárọ̀ ni tàbí ìrọ̀lẹ́. Ó kọ ọ́ bí ẹni ń bá àjèjì tí kò rí òkun rí sọ̀rọ̀.

Ìyá gbọ́ ọ dópin. "Tí ẹ̀rọ bá wá ń sọ tiẹ̀, tí omi náà ń sọ tiẹ̀ ńkọ́?"

"Ti omi ni kẹ́ ẹ gbà, ìyá mi. Kẹ́ ẹ máa bọ̀ nílé."

"Ó dáa. Kọ ìyẹn náà sí i."