Olú Tó Wà Lábẹ́ Àfòmọ́

Èébì Àtọ́kẹ́ àbúrò mi ti dá, ó ti ń la ojú, ó ní òun fẹ́ máa lọ sílé. Ìyá wa ti bẹ̀rẹ̀ orin ọpẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní ọsibítù kékeré tí a gbé e wá ní Ring Road. Èmi nìkan ni inú mi ò dùn. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ẹ̀rù náà sì ń bí mi nínú.

Olú ló jẹ lálẹ́ àná. Ìyá wa, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Baṣọ̀run, ni wọ́n ṣà á lábẹ́ igi páìnì ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n fi se ọbẹ̀. Ààwẹ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ń gbà, ni àwọn fúnra wọn ò fi fẹnu kàn án. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Àtọ́kẹ́ ti bì títí, kò ku nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́.

Dókítà Rasheed pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Mà, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa olú. Irú èwo ni wọ́n jẹ? Tó bá jẹ́ èyí tó kàn ń da inú rú, wọ́n lè máa lọ sílé. Àmọ́ èyí kan wà tó máa ń jẹ́ kí ara yá díẹ̀ kó tó padà wá kọlu ẹ̀dọ̀. Tó bá jẹ́ ìyẹn, ọsibítù ńlá ló kàn, kíá."

Ìyá wa ti tẹ̀ lé wa. Wọ́n fa ọ̀rá kan yọ nínú báàgì wọn. Olú kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù ló wà níbẹ̀.

"Wò ó dáadáa, Ọláníkẹ́. Ìwọ la rán lọ kàwé olú."

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ìwé tí mo kà. Olú wẹ́wẹ́ tó ń hù lára olú mìíràn, tó ń jẹ ẹ́ láàyè, ni mo ń dá mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ní yunifásítì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Àfòmọ́ ni wọ́n ń pè mí nílé. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó máa ń dùn mí.

Mo yọ awò tí mo fi ń wo nǹkan kéékèèké. Àfòmọ́ ti bo olú náà látòkè délẹ̀. Ó ti lọ́ ọ pọ̀, ó sì ti fi èèpo líle kan dí gbogbo ìlà abẹ́ rẹ̀ pa, èèpo tí àmì wínníwínní kún bí ìgbà tí wọ́n wọ́n gaàrí sí i. Mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo mọ orúkọ rẹ̀, mo mọ ìbátan rẹ̀.

"Kí ni, Mà?"

"Àfòmọ́ ara rẹ̀ ni mo mọ̀. Mi ò mọ olú tó wà lábẹ́ rẹ̀."

Àfòmọ́ ò ní gbòǹgbò, gbogbo igi ló bá tan. Èyí ń hù lára olú tí à ń jẹ, ó sì ń hù lára èyí tó ń pani. Gbogbo ohun tí wọ́n fi ń dá onílé mọ̀, àlejò ti jẹ ẹ́ tán. Mo fi bíléèdì là á, mo gbóòórùn rẹ̀, mo tún wò ó. Mo bú olú, mo bú ìwé tí mo kà, mo bú ara mi.

Ìyá tó bí mi kúnlẹ̀ fún mi. "Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi pa ọmọ mi."

Mo jágbe mọ́ wọn kí n tó mọ̀. "Ẹ dìde, Màmi! Kí ló dé tẹ́ ẹ fi se èyí tó rí jákujàku báyìí? Ṣé kò sí èyí tó dáa níbẹ̀ ni?"

"Ó wà, abẹ́ igi kan náà ni gbogbo wọn ti hù. Mo ha ara èyí kí n tó sè é. Àwọn tó dáa, tó funfun nini, mo fi wọ́n ránṣẹ́. Ṣé èyí tí kò dáa lèèyàn fi ń ránṣẹ́ séèyàn ni?"

"Sí ta ni?"

"Sí ọ ni. Ọlọ́kadà gbé e lọ sí Bódìjà lálẹ́ àná, ọkọ rẹ gbà á."

Mo ti sùn nígbà náà. Kùtùkùtù ni mo sáré jáde, n ò tiẹ̀ ṣí fíríìjì. Ohun tí mo sọ fún Gbọ́láhàn ọkọ mi ò ju pé Àtọ́kẹ́ ń bì. Mo pè é, kò gbé e. Mo tún pè, ó gbé e.

"Ìyá Ìdùnnú! Àtọ́kẹ́ ńkọ́?"

"Olú tí Màmi fi ránṣẹ́ dà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o ti gbóòórùn ọbẹ̀ mi dé ọ̀hún ni? Èmi àti Ìdùnnú ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ́ tán. Àmọ́ mo mọ irú ẹni tí mo fẹ́, mo fi ọ̀kan sílẹ̀ láìsè kí o lè rí i wò."

"Ẹ gbé e. Àwọ̀ wo ni abẹ́ rẹ̀?"

"Funfun. Ó tún ró nǹkan bíi yẹ̀rì mọ́ ẹsẹ̀."

"Ìdí rẹ̀ pátápátá ńkọ́, ibi tó ti hù?"

Ó ń yí i wò. Mo ń gbọ́ ohùn Ìdùnnú lẹ́yìn rẹ̀, ó ń kọrin. Mo ní Ọlọ́run, jọ̀ọ́, jẹ́ kó sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ó dà bíi pé inú ife kékeré kan ló ti yọ jáde. Ó mà rẹwà o. Kí ni wọ́n ń pè é?"

Mo yíjú sí Dókítà Rasheed.

"Èyí tó ń pa ẹ̀dọ̀ ni," mo ní. "Ẹ pe ọsibítù ńlá. Ẹ sọ fún wọn pé èèyàn mẹ́ta là ń gbé bọ̀."