Owó Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n Alágbọ̀n

Alágbọ̀n ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, kì í ṣe pé ó gbé agbọ̀n rí láyé rẹ̀. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣírò bí owó ọjà ṣe ń lọ sókè ló ń bá ṣiṣẹ́. Agbọ̀n tí wọ́n ń wí, orí ìwé ló wà: ìrẹsì, ọṣẹ, kẹrosínì, owó ilé, owó ọkọ̀, gbogbo ohun tí ìdílé kan ń náwó lé lórí. Oṣooṣù ni wọ́n ń wo iye tí agbọ̀n náà dà. Lọ́dún ìpìlẹ̀, wọ́n pe òṣùwọ̀n rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún. Bó bá di igba, á jẹ́ pé owó tó ń ra ọṣẹ méjì tẹ́lẹ̀ ń ra ẹyọ kan nìyẹn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ọkùnrin yìí lè fi ọ̀sán gbáko ṣàlàyé rẹ̀. Ìdí nìyẹn táwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi máa ń yára jẹun kó tó wá jókòó tì wọ́n.

Nílé, kò sí ẹni tó máa sá fún un, torí kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Kò láya, kò bímọ. Àga méjì ló wà nídìí tábìlì rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló ń lò. Ó dá wà, ó sì ń dùn ún, àmọ́ kò sọ ọ́ fún ẹnì kan.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Aránṣọ ni, ìlú mìíràn ló ń gbé, ó tó wákàtí mẹ́ta nínú ọkọ̀. Tẹ́lẹ̀, gbogbo Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù ló máa ń wá kí i. Ọkọ̀ àárọ̀ ló ń wọ̀ wá, ti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló ń wọ̀ padà. Á bá a rán bọ́tìnnì tó já, á bá a wí pé ó ti rù, á sì sọ ìtàn àwọn oníbàárà tí kì í fẹ́ gbà pé àwọn ti sanra sí i. Alágbọ̀n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, lọ́dún ìpìlẹ̀ yẹn gan-an, ló buwọ́ lùwé ní báńkì pé kí wọ́n máa fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n òun lóṣooṣù: igba fún àlọ, igba fún àbọ̀, ọgọ́rùn-ún fún búrẹ́dì tó máa jẹ lọ́nà. Ó jáde ní báńkì, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kò sì ronú kan ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ọdún mẹ́sàn-án ni obìnrin náà fi wá déédéé, ó wá dáwọ́ dúró. Ó ní lórí fóònù pé iṣẹ́ ò jẹ́. Oṣù kejì, iṣẹ́ ò jẹ́. Nígbà tó di ìgbà kẹrin, inú bí Alágbọ̀n. Ó ní bí òun bá ti sú u, kó jókòó sílé rẹ̀, òun ò ní bẹ ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà yẹn, ó di kí wọ́n kí ara wọn lórí fóònù nígbà tí ọdún bá yí. Ọdún mẹ́fà rèé, ó ṣì ń di ọ̀rọ̀ náà sínú.

Lọ́jọ́ Túsìdeè kan, iléeṣẹ́ ọkọ̀ kan kọ̀wé sí ọ́fíìsì wọn. Àwọn èrò ń pariwo pé owó ọkọ̀ ti pọ̀ jù, iléeṣẹ́ náà sì fẹ́ mọ iye tí owó ọkọ̀ àtẹ̀yìnwá máa jẹ́ lówó òní. Irú iṣẹ́ tí Alágbọ̀n fẹ́ràn nìyẹn. Á mú owó ọdún kan, á fi òṣùwọ̀n òní sọ ọ́ di púpọ̀, á sì fi òṣùwọ̀n ọdún yẹn pín in. Igba ti ọdún ìpìlẹ̀ di ẹgbẹ̀rún kan, torí òṣùwọ̀n òní jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ó ń kọ ọ́ lọ, ó ń súfèé, títí ó fi kan ọ̀nà tó lọ sí ìlú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Lórí ọ̀nà yẹn, ọdọọdún ló ń já sí ẹgbẹ̀rún kan lówó òní. Ọkọ̀ ò wọ́n sí i rárá, agbára owó ló ń dín kù. Ní ọdún kẹsàn-án lẹ́yìn ọdún ìpìlẹ̀, òṣùwọ̀n jẹ́ igba ó lé àádọ́ta, owó àlọ nìkan sì jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ó mọ iye yẹn dáadáa. Iye tó kọ sínú ìwé báńkì ni, ọdún yẹn náà sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dẹ́kun wíwá. Owó tó fi ń ránṣẹ́ tó gbé e wá, kò tó gbé e padà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ó ti ní láti jẹ́ pé ó ń fi tirẹ̀ kún un, nínú owó iṣẹ́ ìránṣọ rẹ̀. Ojú ti Alágbọ̀n débi pé ó wò yíká bóyá ẹnì kan ń wo òun. Ọkùnrin tó ń tún owó gbogbo ayé ṣírò kò tún ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣírò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní Sátidé, ó wọ ọkọ̀ àárọ̀, ó san ẹgbẹ̀rún kan. Nígbà tí wọ́n dé agbedeméjì ọ̀nà, ó wo ìta. Ilé epo kan tí wọ́n ti tì pa ló wà níbẹ̀, kò sí ilé mìíràn. Ibí ni owó tí òun fi ń ránṣẹ́ lóṣù yìí máa já obìnrin náà sí.

Ó bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń fi aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́. Irun rẹ̀ ti funfun. Kò sẹ́ni tó sọ fún Alágbọ̀n pé irun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti funfun.

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Obìnrin náà wò ó lókè gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ ti àga kan sí i. "O ti rù."

"Owó ọkọ̀ ni ò tó mọ́, àbí? Ohun tẹ́ ẹ ò fi wá mọ́ nìyẹn."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀?"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ kí ni fún ẹ? Ṣebí iṣẹ́ ẹ nìyẹn. Oṣooṣù ni wọ́n ń kà á lórí rédíò, màá sì sọ fáwọn oníbàárà mi pé àbúrò mi wà lára àwọn tó ṣe é. O mọ iye tí ọṣẹ dà ju ẹni tó ń tà á lọ. Bó o bá wá fi tèmi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo ní ó nídìí. Mo ní ohun kan ni mo ṣe fún ẹ, tó ò fẹ́ kí n wá mọ́, tójú sì ń tì ẹ́ láti sọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ṣe nǹkan kan. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Mo fi sí báńkì, mo sì gbàgbé ẹ̀."

Ó rò pé ọ̀rọ̀ yẹn máa tù ú nínú. Obìnrin náà mú ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ọdún mẹ́fà ni mo fi rò pé ò ń bínú sí mi," ó ní. "Mo máa ń jókòó síbí, màá máa wá ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ ẹ́. Bó o bá ń bínú, o ṣì ń rántí mi nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé ńṣe lo gbàgbé mi."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fa aṣọ náà bọ́ síta, ó já òwú tó wà lára rẹ̀, ó sì ká a sórí itan.

"Aago márùn-ún lọkọ̀ tó ń padà máa ń gbéra," ó ní. "Má jẹ́ kó fi ẹ́ sílẹ̀."

Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ò tíì lù.