Wáyà Ẹ́ńjìnnì ní Swift Current

"Ta ló yẹ kó so wáyà ọkọ̀ mọ́ iná lánàá?" Ashdown béèrè.

Bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ olórin náà dúró gbagidi níwájú ilé ìtura, yìnyín bo gíláàsì rẹ̀. Nínú òtútù Swift Current ní Kánádà, ọkọ̀ tí wáyà tó ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbóná kò bá sí lára iná mọ́jú kì í jí. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ti lù. Aago méjì ọ̀sán ni wọn yóò kọrin ní Regina, ìrìn wákàtí méjì àti ààbọ̀ sì ni síbẹ̀.

"Èmi ni," Colette, onílù wọn, dáhùn. "Mo sì so ó. Ọwọ́ ara mi ni mo fi so ó."

"Ẹ ò rí i?" Ashdown fa ìwé àdéhùn yọ lábẹ́ abíyá. Ilé iṣẹ́ kan tó ń gbé orin jáde ní Vancouver ló rán ọkùnrin náà wá. "Onílù tí kò lè tọ́jú wáyà! Lorna, Wade, ẹ̀yin méjèèjì nìkan la fẹ́. A ó wá onílù mìíràn. Ẹ bu ọwọ́ lù ú."

Lorna, akọrin wọn, kò gba ìwé náà. Ọdún méjìlá ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jọ ń kọ orin rọ́ọ̀kì, wọ́n ti ṣe àwo mẹ́ta, kò sì sí ilé iṣẹ́ kankan tó bojú wò wọ́n rí. Colette ló lu gbogbo ìlù inú wọn. Ó lu ti ẹlẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ tó bó.

Lorna tọ wáyà náà láti imú ọkọ̀ dé ara ògiri. Ẹnu wáyà náà wà nílẹ̀ nínú yìnyín. Okùn funfun tín-ín-rín kan ló gba ipò rẹ̀ nínú ihò iná, ó sì gba ojú fèrèsé wọ yàrá Ashdown.

"Ọ̀gá Ashdown, ṣájà ta nìyí?"

Ojú ọkùnrin náà yẹ̀. "Fóònù mi ló kú. Mo rò pé wáyà lásán ni."

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre," Colette wí. "Ọmọ Vancouver ni. Òjò nìkan ló mọ̀, kò mọ irú òtútù yìí."

Wade, onígìtá wọn, bú sẹ́rìn-ín. Lorna kò rẹ́rìn-ín.

"O ti mọ̀ pé ìwọ lo yọ ọ́ kí o tó béèrè," ó wí jẹ́jẹ́.

"Ìyẹn kọ́ ló ṣe pàtàkì. Ẹ ro ti ọjọ́ ọ̀la yín."

"Mo ti rò ó."

Ó yọ ṣájà náà, ó ká a dáadáa, ó gbé e lé orí ìwé àdéhùn tó wà lọ́wọ́ Ashdown. Lẹ́yìn náà ló so wáyà ẹ́ńjìnnì padà.

"Wákàtí mẹ́rin ni yóò fi gbóná. Má ṣe yọ ọ́ mọ́."

Orest, àgbẹ̀ kan tó sùn sí ilé ìtura náà, yọ̀ǹda àyè fún wọn nínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀. "Regina náà ni mò ń lọ. Àmọ́ yàtọ̀ sí èmi, ẹni mẹ́ta péré ni iwájú lè gbà o."

"Mẹ́ta ni wá," Lorna dáhùn.

Ìlù Colette ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sẹ́yìn ọkọ̀ náà.